Ajá Ọdẹ àti Ìwé Ìran Rẹ̀

Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ ajá ọdẹ máa ń pọ̀ jù ní Òkè-Ògùn. Bí iná bá ti mú igbó ọ̀dàn nítòsí ìlú Ìràwọ̀, ọ̀yà á tú jáde, ajá á sì gbá yà á. Ajá náà kì í tóbi: irun rẹ̀ kúrú, etí rẹ̀ nà ṣánṣán, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọọrọ, ara rẹ̀ le. Ṣaworo ọrùn rẹ̀ ni olówó rẹ̀ fi ń mọ ibi tó wà nínú koríko tó ga ju ènìyàn lọ, fèrè ló sì fi ń pè é padà. Bí ẹran bá kú, ajá á gba ìfun tirẹ̀ kí wọ́n tó gbé ìyókù relé.

Kò sí ẹgbẹ́ tó ń kọ ìran irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti ń mọ èyí tó yẹ kí wọ́n gba ọmọ rẹ̀, orí ọdẹ ni gbogbo ìtàn náà sì wà. Bí ọdẹ bá kú, ó tán nìyẹn.

Ní ìlú òyìnbó, ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Ọdún 1873 ni wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀ ní London, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ ajá, ti bàbá rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ní 1895, méjì nínú ajá ọdẹ Áfíríkà dé ìpàtẹ ajá tí wọ́n ń pè ní Crufts. Congo Terrier ni àwọn kan pè wọ́n, nítorí wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn ajá kéékèèké tí ọdẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń rán wọ inú ihò lọ lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kò pẹ́ tí àrùn ajá tí wọ́n ń pè ní distemper fi pa àwọn méjèèjì. Ní 1923, Lady Helen Nutting kó mẹ́fà wá láti Sudan. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fún wọn nítorí àrùn yìí kan náà ló pa wọ́n. Ó dunni gidigidi: ẹran tó ti la iná àti ejò já nínú igbó, tó wá kú nínú ilé ìtọ́jú.

Olivia Burn, tó ń sin ajá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló rí i ṣe. Àwọn ajá tó kó wá láti Congo bímọ, wọ́n yè, ní 1937 wọ́n sì dé Crufts, níbi tí èrò ti ya lọ wo ajá tí kì í gbó. Basenji ni wọ́n ń pè é báyìí. Ní 1939 wọ́n dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Bìrìtìkó, Veronica Tudor-Williams sì wà lára àwọn tó dì í mú kí Ogun Àgbáyé Kejì má baà pa á rẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà dá tiwọn sílẹ̀ ní 1942.

Ìwé náà wá di ìdè. Ajá díẹ̀ ni gbogbo ìran yìí ti ṣẹ̀, wọn kò sì gba àlejò mọ́. Àìsàn Fanconi gba inú ẹ̀jẹ̀ wọn: kíndìnrín kò lè dá ṣúgà dúró, ó ń bá ìtọ̀ jáde, ajá á máa mu omi ṣáá, á sì máa gbẹ. Ní 1987 àti 1988, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní Amẹ́ríkà padà lọ sínú igbó Congo lọ wá ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ní 1990 ni wọ́n ṣí ìwé ìran fún àwọn tí wọ́n kó bọ̀, tí wọ́n sì gba aláwọ̀ adíkálà wọlé pẹ̀lú wọn. Ọwọ́ ọdẹ abúlé ni ohun tí ẹgbẹ́ ń wá wà.

Ajá ilẹ̀ wa náà ní ohun tó yẹ kí á tọ́jú. Ìwádìí kan tó jáde ní 2018 lórí ajá Nàìjíríà rí àmì nínú ẹ̀jẹ̀ wọn pé ara wọn ti kọ́ bí a ṣe ń bá kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru jà. Síbẹ̀ àwọn èwe ń pè é ní lókà, ajá òyìnbó ni wọ́n ń fowó rà. Igbó ọdẹ náà ti dín kù: láti 1991 ni Old Oyo National Park ti gba ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀. Ìwé àjákọ kan ṣoṣo tó fún ẹgbẹ́ ọdẹ Ìràwọ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀: orúkọ ajá, ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, ẹran tó mọ̀ ọ́n lé, àti ilé tí ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ.