Edé Tí Ó Pàwọ̀ Dà Mọ́jú

Ọ̀rọ̀ edé ni mo gbé wá lónìí. Kì í ṣe Ẹdẹ ìlú Tìmì ni mo ń wí o. Edé inú omi ni, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń se ọbẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní ilé-ìwé kan ní agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá mi mú edé wá láti odò. Wọ́n mú mẹ́sàn-án wá, gbogbo wọn ṣú bí ewé tí ó ti rà sí ìsàlẹ̀ omi. A kó wọn sínú abọ́ tánganran funfun kan, a sì fi ọmọkùnrin kan ṣe olùtọ́jú wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mẹ́sàn-án ni a bá nínú abọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ́ gaara, ó kù díẹ̀ kí a máa rí ìfun wọn láti òde.

Ariwo ta. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ní ó ti kó edé àwọn lọ fún ìyá rẹ̀ tí ń ta edé lọ́jà, tí ó sì fi òmíràn rọ́pò. Ọmọ náà ń búra, ó ń sunkún. Èmi náà, kí n má purọ́ fún yín, mo ti mú pàṣán lọ́wọ́. Ohun tí ó dá mi dúró ni pé ọ̀kan nínú àwọn edé náà kò ní apá òsì, bẹ́ẹ̀ ni a sì ti rí i lánàá. Ta ni yóò lọ wá edé alápá-kan mìíràn ní òru? Mo da gbogbo wọn sínú ìṣaasùn dúdú. Kí a tó jáde ní ọ̀sán, wọ́n ti tún ń ṣú padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ayé ṣe mọ ìdí rẹ̀. Lábẹ́ èèpo edé ni àwọn àpò aró kéékèèké wà, wọ́n ní ẹ̀ka bí gbòǹgbò igi. Bí aró inú àpò bá tàn dé gbogbo ẹ̀ka, edé a ṣú. Bí ó bá kó ara rẹ̀ jọ sí àárín, edé a mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ń pàṣẹ fún aró náà?

Ará Faransé kan, Georges Pouchet, ni ó tọ ipa ọ̀rọ̀ náà dé ojú edé. Láàárín ọdún 1870 sí 1880, ó rí i pé edé tí a bá yọ ojú rẹ̀ kì í pàwọ̀ dà mọ́ láti bá ibi tí ó wà mu. Iṣẹ́ ìkà ni, èmi kò sì ní jẹ́ kí ọmọ kíláàsì mi kankan dán an wò. Ní 1900, Gamble àti Keeble kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa edé òkun kan, Hippolyte varians. Ní ọ̀sán, àwọ̀ koríko òkun tí ó ń gbé ni ó máa ń mú, ìbáà ṣe àwọ̀ ewé, ìbáà ṣe pupa. Bí alẹ́ bá lẹ́, gbogbo wọn a di aláwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́.

Àwọn kan rò pé iṣan ara ni ó ń jíṣẹ́ láti ojú dé àpò aró. Ṣùgbọ́n ní Jámánì, Gottfried Koller fa ẹ̀jẹ̀ edé tí ó ṣú sínú edé tí ó mọ́, èyí tí ó mọ́ sì ṣú. Inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ náà ń gbà! Ní 1928, Earle Perkins ará Amẹ́ríkà rí ibi tí ó ti ń wá. Ojú edé kò rì sínú agbárí bí tiwa, orí ọ̀pá kékeré ni ó wà. Inú ọ̀pá yìí ni oje kan wà tí ń kó aró pupa jọ, tí edé fi ń mọ́. Ní 1972, Fernlund àti Josefsson ní Sweden tú oje náà wò fínnífínní, wọ́n sì rí i pé amino acid mẹ́jọ péré ni ó so pọ̀ di odidi.

Ẹ óò bi mí pé, èyí tí a sè ńkọ́? Iná ni ó sọ ìyẹn di pupa, kì í ṣe ojú. Àwọ̀ pupa kan, astaxanthin, wà nínú èèpo rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wà láàyè, ṣùgbọ́n purotéènì dì í mọ́ra, kò jẹ́ kí pupa rẹ̀ hàn. Bí ooru bá tú purotéènì náà, pupa a yọ. Inú oúnjẹ ni edé ti ń rí àwọ̀ yìí tàbí ohun tí ó fi ń ṣe é. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń sin edé nínú ìgò, tí ó sì ń fi oúnjẹ kan ṣoṣo bọ́ ọ, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí àwọ̀ rẹ̀ bá ń ṣá. Bí ẹran ara rẹ̀ bá sì funfun bí ẹyin sísè, àìsàn ni ẹ jẹ́ kí a fura sí.

Edé ti ní orúkọ nínú ìtàn ilẹ̀ wa tipẹ́. Ní nǹkan bí 1472, àwọn atukọ̀ Potogí dé ẹnu odò Wouri, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rio dos Camarões, èyíinì ni Odò Edé, nítorí bí edé ti pọ̀ níbẹ̀ tó. Ibẹ̀ ni orúkọ Kamẹrúùnù ti wá. Nínú àwọn odò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, títí kan Odò Ọya, edé kan wà, Atya gabonensis, tí ń fi ọwọ́ bí abẹ̀bẹ̀ gba oúnjẹ nínú omi tí ń ṣàn. Àwọn òyìnbó ń rà á láti sìn nínú ilé. Ó lè jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ nígbà tí wọ́n rà á, kí ó di aláwọ̀ aró tàbí kí ó ràn funfun lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, edé kan náà sì ni.

Ní ọjọ́ kejì, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ọmọ náà ní ojú gbogbo kíláàsì. Kò sọ nǹkan kan. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé ìṣaasùn náà padà sí odò, mo sì bá a lọ. Alápá-kan ni ó kọ́kọ́ dà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí omi, ó ń wò ó, títí a kò fi mọ edé yàtọ̀ sí ewé mọ́.