Egbò tí Kì í Dunni: Iṣẹ́ Ilé Ìwòsàn Pobẹ̀ láàárín Ará Oko Kétu àti Ọ̀họ̀rí

Ẹni tó bá kúrò ní Kétu tó forí lé gúúsù yóò sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilẹ̀ gíga tó gbẹ, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí omi pọn, bọ́ sínú àfonífojì Kumi. Ilẹ̀ dúdú ni ilẹ̀ ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì máa ń di ẹrẹ̀ lásìkò òjò. Àwọn Ọ̀họ̀rí ló fi ibẹ̀ ṣe ilé. Nígbà ìjọba Faransé, ẹrẹ̀ yìí wà lára ohun tó gbà wọ́n, nítorí kò rọrùn fún ṣọ́jà àti agbowó-orí láti wọlé tọ̀ wọ́n. Ohun tó dènà agbowó-orí náà ló dènà dókítà lẹ́yìn òmìnira.

Ìlú Pobẹ̀ wà ní òdìkejì àfonífojì náà. Níbẹ̀ ni wọ́n dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, láti máa wá àwọn tó ní egbò Buruli kiri àti láti máa tọ́jú wọn. Àjọ aláàánú Fondation Raoul Follereau láti ilẹ̀ Faransé ló ń náwó sí i, ó sì ń bá ètò ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀ka Ouémé àti ẹ̀ka Plateau, tí Kétu, Pobẹ̀ àti Sakété wà nínú rẹ̀, ni àwọn aláìsàn ti ń wá. Lójú tèmi, kò wọ́pọ̀ kí á rí iṣẹ́ àánú tó ṣe ará oko apá ibí lóore tó báyìí, tó sì tún kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́.

Kókó kékeré lábẹ́ awọ ni àrùn náà fi máa ń bẹ̀rẹ̀. Kì í dunni, kì í sì í sábà mú ibà wá. Nígbà tó bá yá, awọ orí rẹ̀ á bẹ́, egbò á yọjú, egbò náà á sì máa jẹ ẹran ara lábẹ́ awọ ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Kòkòrò àìfojúrí tó ń fà á, Mycobacterium ulcerans, jẹ́ ìbátan ti ẹ̀tẹ̀ àti ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Májèlé kan tí wọ́n ń pè ní mycolactone ló ń tú jáde, èyí tí àwọn onímọ̀ dá mọ̀ ní 1999. Májèlé yìí ń pa ẹran ara, ó sì ń pa ìrora mọ́ ọn. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Ohun tí kò bá dun ọmọ, kò ní sunkún sí i. Ìyá tí iṣẹ́ oko wà lọ́rùn rẹ̀ á sì rò pé eéwo lásán ni. Àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ní in ní Bẹ̀nẹ̀, ẹsẹ̀ ló sì sábà máa ń mú.

Àrùn yìí ti pẹ́ láyé. Dókítà Albert Cook ti ṣàkọsílẹ̀ irú egbò bẹ́ẹ̀ ní Uganda ní 1897. Ní 1948, MacCallum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia fi hàn pé kòkòrò kan ló wà nídìí rẹ̀. Agbègbè Buruli ní Uganda, níbi tó ti pọ̀ gan-an, ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, ìparí àwọn ọdún 1980 ni ìròyìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwọn onímọ̀ lára, pàápàá láti Zagnanado, nítòsí odò Ouémé, níbi tí àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Kátólíìkì ti ń tọ́jú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kó àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀rọ̀ kàn jọ sí Yamoussoukro ní 1998.

Ọ̀bẹ nìkan ni ìtọ́jú tó wà nígbà náà. Wọ́n á gé gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ kúrò títí dé ara tó yè, wọ́n á wá gé awọ láti itan lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Ìgbà mìíràn, apá tàbí ẹsẹ̀ gan-an ni wọ́n máa gé. Ta ni kò ní sá? Ọ̀pọ̀ ló gbà pé àrùn àfiṣe ni, wọ́n sì kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ilé ìwòsàn jìnnà, ọ̀bẹ ń bani lẹ́rù, owó kò sì sí.

Raoul Follereau fúnra rẹ̀, akọ̀ròyìn tí wọ́n bí ní 1903 tó sì kú ní 1977, kò gbọ́ nípa Pobẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi egbò Buruli. Ọ̀rọ̀ adẹ́tẹ̀ ló fi ayé rẹ̀ jà fún. Ó kówó jọ fún ìlú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Adzopé ní Côte d'Ivoire, òun ló sì dá Ọjọ́ Adẹ́tẹ̀ Àgbáyé sílẹ̀ ní 1954. Àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ló rí i pé ẹni tó ní egbò Buruli àti adẹ́tẹ̀ ń jìyà kan náà: ara wọn ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń sá fún wọn.

Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí wọ́n dán oògùn apakòkòrò wò, Pobẹ̀ wà lára ibi tó gbé e ṣe. Rifampicin ni wọ́n ń gbé mì, streptomycin ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 8, lójú òṣìṣẹ́ ìlera. Dókítà Annick Chauty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2007. Nínú aláìsàn 224 tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú náà, 215 ló yọrí sí rere, ìyẹn 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Oògùn nìkan ló wo 102 nínú wọn sàn láìfi ọ̀bẹ kàn wọ́n. Àwọn 113 yòókù ṣe iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú oògùn. Bí egbò bá sì ṣe kéré tó nígbà tí aláìsàn dé ni ìrètí rẹ̀ ṣe pọ̀ tó: nínú àwọn tí egbò wọn kò fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, 17 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló nílò iṣẹ́ abẹ, àmọ́ 73 ni nínú àwọn tí tiwọn fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ.

Ohun kan wà nínú ìròyìn yẹn tí mo kà sí pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọdún kan tí ìtọ́jú parí, àwọn òṣìṣẹ́ náà wá àwọn aláìsàn wọn kàn, wọ́n sì rí 208 nínú 215. Egbò náà padà sára àwọn 3 péré. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko, tó mọ bí ará abúlé ṣe ń tẹ̀lé ìrè oko kúrò ní ibì kan sí òmíràn, á mọ̀ pé wíwá 208 ènìyàn rí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì. Àwọn tó ń gbé abúlé ló lè ṣe é.

Ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ náà fi ń rìn nìyẹn. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ní abúlé, àwọn olùkọ́ àti àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kékeré ni wọ́n ń kọ́ láti dá kókó náà mọ̀ kó tó bẹ́, kí wọ́n sì rán ọmọ náà lọ ní kíá. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2007 nípa Bẹ̀nẹ̀ fi hàn pé omi adágún ní í ṣe pẹ̀lú àrùn náà, àti pé fífi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ ń dín ewu rẹ̀ kù. Kò sí ẹni tó tíì mọ bó ṣe ń wọ ara dájú. Nítorí náà, omi ẹ̀rọ tó mọ́ jẹ́ apá kan ìtọ́jú fún ará Kumi gẹ́gẹ́ bí oògùn ti jẹ́.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Ìwádìí tó jáde ní 2014 lórí aláìsàn 1,227 tí Pobẹ̀ tọ́jú láàárín 2005 sí 2011 fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n tún yẹ̀ wò lẹ́yìn náà, nǹkan bí 22 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àbùkù tí kò lọ mọ́: orúnkún tí kò ṣe é nà, ọwọ́ tí kò lè di ọkọ́ mú. Àwọn tí egbò wọn ti fẹ̀ gan-an kí wọ́n tó wá ló wọ́pọ̀ nínú wọn. Ìyá tó wà lẹ́bàá ibùsùn ọmọ rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kò roko lọ́dún yẹn, ọmọ náà sì ti kúrò ní ilé ìwé. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ kò san gbèsè yẹn.

Àwọn aláìsàn tuntun tí Bẹ̀nẹ̀ rí ní 2007 lé ní 1,000. Ní 2018 wọn kò tó 300. Lónìí, oògùn gbígbé mì méjì, rifampicin àti clarithromycin, ni wọ́n ń lò, abẹ́rẹ́ kò sí mọ́. Ní Kétu, ní Ìdígní, ní Adakplamè, ní Pobẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí kókó lára ọmọ tí kò dùn ún, ẹ má dúró kó bẹ́ kí ẹ tó gbé e lọ.