Ṣé íméèlì yín kì í dé ibi tí ẹ fi í ránṣẹ́ sí? Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa orúkọ mail server àti àkọsílẹ̀ DNS

Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Sinkor, nílùú Monrovia, bá kọ íméèlì sí olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹni náà sì ní òun kò rí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ju lẹ́tà náà sínú àpótí spam, tàbí kí wọ́n ti lé e padà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà mìíràn, kò sí àléébù nínú lẹ́tà náà rárá. Orúkọ kọ̀ǹpútà tó gbé e jáde, ìyẹn mail server, ni kò bá nọ́ńbà rẹ̀ mu.

Kí ni DNS?

DNS ni ìwé orúkọ íntánẹ́ẹ̀tì. Paul Mockapetris ló gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1983, kí orúkọ tí ènìyàn lè rántí lè di nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń lò. Orúkọ tó bá parí sí .lr jẹ́ ti Làìbéríà: .gov.lr wà fún ìjọba, .edu.lr sì wà fún ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn àkọsílẹ̀ wo ló ṣe kókó?

Ẹ jẹ́ ká fi mail.apeere.edu.lr ṣe àpẹẹrẹ. Orúkọ yìí gan-an ni server gbọ́dọ̀ fi kí server tó ń bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe "localhost".

• A: ó ń sọ nọ́ńbà tí orúkọ náà ní.
• PTR: ó ń sọ orúkọ tí nọ́ńbà náà ń jẹ́.
• MX: ó ń tọ́ka sí server tó ń gba lẹ́tà yín. Orúkọ tó ní A ni kí ẹ kọ síbẹ̀, kì í ṣe nọ́ńbà, kì í sì í ṣe CNAME.
• SPF: ó ń to àwọn tó láṣẹ láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ ní orúkọ yín. Ẹyọ kan ṣoṣo ni kó jẹ́. Bó bá di méjì, ó ti bàjẹ́.
• DKIM: òǹtẹ̀ tó ń fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò yí lẹ́tà náà padà lójú ọ̀nà.
• DMARC: ó ń sọ ohun tí kí wọ́n ṣe sí lẹ́tà tó bá kùnà ìdánwò. Ẹ fi p=none bẹ̀rẹ̀.

Ta ló ni àṣẹ lórí PTR?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bójú tó orúkọ yín ni ẹ ti ń kọ A, MX àti SPF. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni nọ́ńbà ló ni PTR. AFRINIC, tó fìdí kalẹ̀ sí Mauritius, ló ń pín nọ́ńbà fún àwọn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà. Àwọn ló sì ń fún yín. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì. Bí nọ́ńbà yín bá ń yí padà, tàbí tí ẹ jọ ń lò ó pẹ̀lú ẹlòmíràn, ẹ gba ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ tó ń báni fi íméèlì ránṣẹ́, kí ẹ sì fi í kún SPF yín.

Kí ló dé tí ó fi ṣe pàtàkì báyìí?

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google àti Yahoo ti mú òfin wọn le. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọ̀wé sí Gmail gbọ́dọ̀ ní SPF tàbí DKIM, kí A àti PTR rẹ̀ sì bára mu. Ẹni tó ń fi ju 5,000 lẹ́tà ránṣẹ́ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní SPF, DKIM àti DMARC pọ̀.

Báwo ni ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ tẹ "dig -x" pẹ̀lú nọ́ńbà yín; orúkọ ni yóò dáhùn. Ẹ wá tẹ "dig" pẹ̀lú orúkọ náà. Bí nọ́ńbà kan náà bá padà wá, wọ́n ti bára mu nìyẹn.