Ohun Kan Náà fún Gbogbo Ọmọ Kọ́ Ni Òdodo

Ẹ bi òbí kan pé irú olùkọ́ wo ni kì í ṣe ojúsàájú, yóò dá yín lóhùn pé ẹni tó ń ṣe bákan náà sí gbogbo ọmọ ni. Ìdáhùn náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Côte d'Ivoire fi hàn pé kò tó.

Láyé ìjọba amúnisìn Faransé, ọmọ tí wọ́n bá gbọ́ èdè abínibí lẹ́nu rẹ̀ nílé ìwé ni wọ́n ń fún ní ohun ìtìjú kan tí wọ́n ń pè ní symbole. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò wà títí yóò fi mú ọmọ mìíràn tó ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bernard Dadié sọ nípa rẹ̀ nínú Climbié, ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1956. Òfin náà kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa bá wí jù? Ọmọ tí kò gbọ́ Faransé rí nílé ni.

Lẹ́yìn òmìnira, èrò rere ló mú wọn gbé ètò mìíràn kalẹ̀. Ní ọdún 1971, ẹ̀kọ́ orí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀, Bouaké sì ni wọ́n ti ń ṣe àwọn ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kò kárí, wọn kò sì fẹ́ kí ọmọ abúlé pàdánù nítorí ibi tí wọ́n bí i sí. Níbi tí kò sí iná mànàmáná, bátìrì ni wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n ṣiṣẹ́. Èrò wọn ni pé ọmọ Abidjan àti ọmọ ìlú Baoulé bíi Bodokro, lágbègbè Bouaké, yóò gba ẹ̀kọ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n Faransé ni tẹlifíṣọ̀n ń sọ. Ọmọ tó ń gbọ́ ọ nílé àti ọmọ tó jẹ́ pé Baoulé nìkan ló gbọ́ kò lè gba ẹ̀kọ́ náà bákan náà. Tẹlifíṣọ̀n kò sì lè rí ojú ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò yé. Olùkọ́ tó wà ní kíláàsì nìkan ló lè rí i, bó bá yíjú sí i. Owó ńlá ni ètò náà ń jẹ, àwọn òbí àti olùkọ́ sì ń ráhùn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n pa á tì.

Ọdún kan ṣáájú ti Bouaké, ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ kejì yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ló ṣe dáadáa jù. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni Ifẹ̀ wọ̀n, kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i.

Lónìí, ìdánwò PASEC, tí Côte d'Ivoire kópa nínú rẹ̀ ní 2014 àti 2019, ń sọ bí àwọn ọmọ ṣe mọ Faransé àti ìṣirò sí. Iṣẹ́ tó dára ni. Àmọ́ kò lè sọ ọmọ tí olùkọ́ kan kì í bi ní ìbéèrè láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè.

Bíírò àti ìwé kan tó láti mọ ìyẹn. Kí ọ̀gá ilé ìwé jókòó sẹ́yìn kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ kan, kó máa ka àwọn ọmọ tí olùkọ́ pè, bó ṣe pẹ́ tó tó fi dúró de ìdáhùn, àwọn tó rán níṣẹ́ àti àwọn tó nà. Kó wo bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, bóyá iwájú ló jókòó sí tàbí ẹ̀yìn, èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé rẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan yóò ní wọ́n fẹ́ ṣọ́ àwọn ni, a ò sì lè bá wọn wí. Bí ọmọ bá pọ̀ ní kíláàsì, tí àkókò sì ń lọ, ẹni tó bá nawọ́ ni olùkọ́ yóò pè. Kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò nawọ́ fún ọdún mẹ́fà yóò jáde láìmọ̀wé, àwa náà yóò sì máa sọ pé orí rẹ̀ ni kò gbé e.

Kí ọ̀gá ilé ìwé sì bi àwọn ọmọ fúnra wọn. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Láti ayé symbole títí di ti tẹlifíṣọ̀n, àwọn àgbà nìkan ló ń dájọ́ ohun tó tọ́ fún ọmọ. Àwọn ọmọ mọ ẹni tí olùkọ́ kì í pè.