Kò Sí Mọ́tò Nínú Ẹsẹ̀ Ọmọ

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ Yorùbá inú rẹ̀ wò. Ìwé àwọn abiyamọ ni, tí wọ́n fẹ́ máa pín níbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọ. Ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ gàdàgbà ni “Ìdàgbàsókè Mọ́tò Ọmọ Yín.” Màmá mi jókòó tì mí, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní kí n kà á sókè, mo sì kà á. Wọ́n dáwọ́ ẹ̀wà dúró, wọ́n ní, “Ta ló ra mọ́tò fún ọmọ?”

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ojú ewé kejì, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ tó bá pé oṣù mẹ́fà tí kò tíì dá jókòó lè jẹ́ “aláàbọ̀ ara.” Irọ́ ni. Nínú ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2006, tí wọ́n ti tẹ̀ lé ọmọ 816 tí ara wọn dá ní Gánà, Íńdíà, Nọ́wè, Oman àti Amẹ́ríkà, àwọn kan dá jókòó kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́rin, àwọn mìíràn sì lé ní oṣù mẹ́sàn-án kí wọ́n tó jókòó. Gbogbo wọn ló dára. Ẹ wo abiyamọ tí yóò gba ìwé yẹn lọ sílé, tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ẹní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a kò rò jinlẹ̀ ni yóò gba oorun lójú rẹ̀.

Mo bi màmá mi pé kí ni wọ́n máa ń sọ nípa wa nígbà tí a wà ní kékeré. Wọn ò tilẹ̀ rò ó. Ọrùn rẹ̀ ti le. Ó ti ń yí dà. Ó ti jókòó. Ó ń fi àyà fà. Ó ń rákòrò. Ó ń di ògiri mú rìn. Ó ti dá dúró. Ó ti gbẹ́sẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kan níbẹ̀ tó gùn bí okùn kànga. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni gbogbo rẹ̀, ọmọ ni olùwà, ọmọ ló ń ṣe nǹkan.

Àwọn orúkọ tí a fi ń pín ọmọdé sí ìsọ̀rí náà kò yàtọ̀: ọmọ ọwọ́, ọmọ ìrákòrò, ọmọ ìrìnsẹ̀. Kò sí oṣù nínú rẹ̀. Ohun tí ara ọmọ lè ṣe la fi sọ ọ́ lórúkọ. A kò nìkan ṣe é o. Nígbà tí Charles Super ṣèwádìí láàárín àwọn Kipsigis ní Kẹ́ńyà, tó sì kọ ọ́ jáde lọ́dún 1976, ó rí i pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún kíkọ́ ọmọ ní ìjókòó àti kíkọ́ ọ ní ìrìn. Wọ́n á gbẹ́ kòtò kékeré sílẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ sínú rẹ̀, wọ́n á fi aṣọ tì í lẹ́yìn. Àwọn ọmọ wọn ń jókòó, wọ́n sì ń rìn ṣáájú ti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ní ti ìrákòrò, wọn ò yá jù wọ́n lọ. Ohun tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún ni wọ́n ń fi kọ́ ọmọ.

Iṣẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kì í ṣe tuntun láàárín wa. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní Ifẹ̀, ọdún 1984 sì ni onímọ̀ èdè Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé *Èdè-Ìperí Yorùbá*. Ẹni tó bá fẹ́ ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ lóde òní kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé òun lòun kọ́kọ́ dé oko. Àléébù tí mo rí nínú púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tuntun wa ni gígùn. Ó dùn lójú ìwé, kò rọrùn lẹ́nu. Ta ló ń pe “ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán” nígbà tó bá ń wá rìmóòtù?

Kí wá ni ká pe “mọ́tò” inú ìwé yẹn, ìyẹn “motor” tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń sọ? Ohun tó ń mú nǹkan mì, tó ń mú un rìn ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ọkọ̀ ni mọ́tò, kò sì ní kúrò níbẹ̀. Mo wo “ìmira”. Ó dà bí ẹni tí òtútù mú. Mo wo “ìṣípòpadà”. Ìyẹn kò kan ọwọ́. “Ìkápá ara” ni mo fara mọ́. A máa ń sọ pé apá mi ká iṣẹ́ yìí, tàbí pé apá mi kò ká a. Ọmọ tuntun ni ẹni tí apá rẹ̀ kò tíì ká ara tirẹ̀ gan-an. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ kó rò pé agbára lásán ni mò ń sọ, ṣùgbọ́n ó sàn ju mọ́tò lọ.

Ohun tí ọmọ ń fi ọwọ́ ṣe la lè pè ní “ìkápá ìka.” Ibí yìí ni Yorùbá ti lọ́rọ̀ jù. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ àbúrò mi, tó tó oṣù mẹ́wàá, wà nídìí atẹ màmá mi. Ẹyọ ẹ̀wà kan bọ́ sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, ẹ̀wà sá lọ. Ó tún gbá a. Lẹ́yìn náà ló na ìka ìfábẹ̀lá, ó fi àtàǹpàkò pàdé rẹ̀, ó rọra he ẹ̀wà, ó sì kọrí sí ẹnu! Màmá mi ti gbà á kó tó débẹ̀. Gbá, dì, bù, he, ṣà: ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ọwọ́ tirẹ̀. Atúmọ̀ tó bá ń wá ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ kiri láti fi ṣàpèjúwe ìka méjì yẹn, torí pé Gẹ̀ẹ́sì pè é ní “pincer grasp,” ti gbàgbé “he.” Mo kọ ọ́ ní “ìfìkahe.”

Ní ti ohun tí ara ìkókó ń ṣe láìrò ó tẹ́lẹ̀, bó ṣe máa ń ta gìrì tí ilẹ̀kùn bá dún, ẹnìkan dábàá “gìrì.” Mo kọ̀ ọ́ pátápátá. Àìsàn ni gìrì nílé wa, abiyamọ tó bá kà á yóò sáré gbé ọmọ rẹ̀ dìde. “Àdáṣe ara” ni mo fi rọ́pò rẹ̀, torí pé ó ní ẹnìkejì tó bá a mu: “àmọ̀ọ́mọ̀ṣe.” Gbé ọmọ tuntun dúró, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tábìlì, yóò gbé ẹsẹ̀ bí ẹni ń rìn, ṣùgbọ́n kó tó pé oṣù mẹ́ta, kò ní ṣe é mọ́. Esther Thelen fi hàn lọ́dún 1984 pé àdáṣe náà kò sọnù. Ẹsẹ̀ ló sanra, tó wúwo. Nígbà tí wọ́n ti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bọ omi, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Lórí ìrákòrò, èdè wa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ọmọ kan ń fi àyà fà, òmíràn ń fi ìdí wọ́, òmíràn ń rákòrò lórí ọwọ́ àti eékún. (Ẹ má sọ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì di “ìdíwọ́” o, ìyẹn ti ní iṣẹ́ tó ń ṣe.) Nínú ọmọ 816 inú ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé yẹn, bíi mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kò rákòrò lórí ọwọ́ àti eékún rárá, wọ́n sì rìn. Lọ́dún 2022, CDC, àjọ tó ń rí sí dídènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, yọ ìrákòrò kúrò nínú ohun tí wọ́n fi ń yẹ ọmọ wò.

Bí ọmọ bá ti gbẹ́sẹ̀, kò tán síbẹ̀. Lọ́dún 2012, Karen Adolph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìṣísẹ̀ àwọn ọmọ oṣù 12 sí 19 bí wọ́n ṣe ń ṣeré. Láàárín wákàtí kan, ọmọ kan á gbé ẹsẹ̀ bí ìgbà 2,368, á sì ṣubú bí ìgbà 17. Abájọ tí ó fi máa ń jẹun bẹ́ẹ̀.

Mo dá ìwé wọn padà. Níbi “aláàbọ̀ ara,” mo kọ ọ́ pé: “Bí ọmọ yín bá pé oṣù 18 tí kò tíì dá rìn, ẹ gbé e wá ká jọ wò ó.” Wọ́n kọ̀wé sí mi pé mo ti fo ọ̀rọ̀ kan, pé níbo ni mo kọ orúkọ àìsàn náà sí. Mo ní mi ò fò ó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.