Ohun tí Àwọn Ìyá Àgbà Ń Wò Lára Ọmọ Tuntun

Kí ìwé ilé-ìwòsàn tó dé ilẹ̀ wa, orúkọ ni àwọn agbẹ̀bí fi ń pa ohun tí wọ́n rí mọ́. Bí ọmọ bá ti délẹ̀, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Èyí tí ó mú ẹsẹ̀ jáde ni Ìgè. Èyí tí ìwọ́ wé mọ́ lọ́rùn, Òjó ni bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Àìná bí ó bá jẹ́ obìnrin. Oníka mẹ́fà ni Olúgbódi.

Èyí tí ó dojú bolẹ̀ ni Àjàyí. Báyìí ni a bí ọmọkùnrin kan ní Òṣoogùn ní nǹkan bí ọdún 1809. Wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó gba orúkọ mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, Samuel Àjàyí Crowther ni ó ń jẹ́.

Nínú ìwé orúkọ kíláàsì mi lọ́dún yìí, Ìgè kan ṣoṣo ni mo rí.