Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ni oríṣiríṣi ètò tí àwọn ará ìlú méjèèjì yìí, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Nàìjíríà, fi ń kàwé gba ìwé-ẹ̀rí láìjókòó sínú kíláàsì lójoojúmọ́. Àwọn olùkọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba, oníṣòwò àti òbí tí kò lè fi iṣẹ́ tàbí ilé wọn sílẹ̀ ni ètò náà wà fún ní pàtàkì. Àkúrẹ́ ti jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀ láti ọdún 1976. Oǹdó, tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 50 sí Àkúrẹ́, jẹ́ ìlú tí a mọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn olùkọ́. Láti orí lẹ́tà títí dé orí fóònù alágbèéká ni ohun èlò ètò yìí ti ń yí padà, ṣùgbọ́n ibùdó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé kò tíì kúrò nínú rẹ̀.

Ìtumọ̀

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin kan wà tí àwọn ènìyàn sábà máa ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ wọ́n yàtọ̀ síra.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ni èyí tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò sí lójú kan náà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò ẹ̀kọ́. Ẹ̀kọ́ ìlẹ̀kùn-ṣíṣí dá lórí ẹni tó lè wọlé: kì í fi ọjọ́ orí, iṣẹ́ tàbí ibùgbé dí ènìyàn lọ́nà, ó sì ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rìn bí agbára rẹ̀ ṣe tó. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára dá lórí ohun èlò, èyíinì ni kọ̀ǹpútà, fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kọ́ aládàpọ̀ ni èyí tó pa ẹ̀kọ́ ojúkojú àti ti orí ayélujára pọ̀.

Ènìyàn lè kẹ́kọ̀ọ́ láti ọ̀nà jíjìn láìlo íntánẹ́ẹ̀tì rárá, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ láyé àtijọ́. Bákan náà, ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ́ni lórí ayélujára kí ìlẹ̀kùn rẹ̀ má sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Ìtàn

Ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà

Ní ọdún 1840, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀nà ìkọ̀wé kíákíá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1858, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbà kí àwọn tí kò gbé nítòsí rẹ̀ máa ṣe ìdánwò oyè rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ Nàìjíríà kan gbà di ẹni tó gboyè nígbà tí kò sí yunifásítì kankan ní orílẹ̀-èdè náà. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lára wọn. Ó gba oyè ìmọ̀ ìṣòwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944 láti ilé.

Àwọn olùkọ́

Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó wọ ilé-ìwé pọ̀ ju olùkọ́ tó wà nílẹ̀ lọ. Irú ọ̀ràn náà tún yọjú ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Bí a bá kó àwọn olùkọ́ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ? Nítorí èyí ni ìjọba fi dá National Teachers' Institute sílẹ̀ ní Kàdúná ní ọdún 1976, láti máa dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n wà. Láti ọdún 1990 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń fi ọ̀nà jíjìn kọ́ni fún ìwé-ẹ̀rí NCE.

Ní ìlú Oǹdó, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, tí a sì wá mọ̀ sí Adeyemi College of Education, gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní ètò sandwich, nínú èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń wá kẹ́kọ̀ọ́ nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, tí wọn yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé. Ètò yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ní kíkún, nítorí ojúkojú ni a ti ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ìṣòro kan náà ni ó wá ojútùú sí. Ní ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé a ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ náà di yunifásítì.

National Open University of Nigeria

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 1983, nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ni a dá yunifásítì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NOUN sílẹ̀. Gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó, onímọ̀ jọ́gíráfì láti Adó-Èkìtì, ìlú tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Kò tíì pé ọdún kan tí ìjọba ológun Muhammadu Buhari fi dá a dúró, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1984.

Ọdún 17 ni ó fi wà ní títì. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ni ó jí i dìde ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 2001. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọdún sí i ni ó kọjá kí fóònù tó di ohun tí a lè fi kàwé. Ọbásanjọ́ fúnra rẹ̀ padà di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kristi ní ọdún 2018. Àkúrẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tí NOUN ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ sí.

Bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ

Ẹni tó fẹ́ wọ NOUN kò ní láti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àṣewọlé JAMB, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí tí ẹ̀kọ́ tó yàn ń béèrè. Lórí ayélujára ni ó ti ń forúkọ sílẹ̀, tó ti ń san owó, tó sì ti ń rí ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ gbà. A kọ àwọn ìwé náà lọ́nà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi lè kọ́ ara rẹ̀: ìpín kọ̀ọ̀kan ní ète, àlàyé àti ìbéèrè tó lè fi dán ara rẹ̀ wò.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tí a ń ṣe lórí ayélujára máa ń gba máàkì 30 nínú 100. Ìdánwò ìparí ló ni 70 yòókù. Ibùdó ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ìdánwò yìí, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, àwọn tó ti lọ síwájú pẹ̀lú bírò àti ìwé. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ náà fi jẹ́ aládàpọ̀ ní ìṣe, bí a tilẹ̀ ń pè é ní ti ọ̀nà jíjìn. Ní ibùdó ni a ti ń dá akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń rí olùgbàmọ̀ràn, ibẹ̀ náà sì ni ó ti ń pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí lójú òfin

Ohun tó ti fa àríyànjiyàn jù lọ ni iyì ìwé-ẹ̀rí náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tó gboyè ní NOUN kò lè ṣe àgùnbánirọ̀, àwọn tó sì kẹ́kọ̀ọ́ òfin níbẹ̀ kò rí ààyè ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amòfin, ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ di lọ́yà ní Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ọ̀kan lára ìdí tí a fi dá wọn dúró ni pé òfin tó dá yunifásítì náà sílẹ̀ ka ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni tí ìjọba rẹ̀ dá yunifásítì náà dúró ní ọdún 1984, fọwọ́ sí àtúnṣe òfin náà láti mú ìdènà yìí kúrò. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ nígbà tó gboyè kì í ṣe àgùnbánirọ̀, ibi yòówù kó ti kẹ́kọ̀ọ́. Ìwé ìdásílẹ̀ ni yóò gbà. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti dàgbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣòro

Ìlẹ̀kùn lè ṣí sílẹ̀ kí ọ̀nà má sì ṣeé rìn. Iná mànàmáná kì í dúró ṣinṣin, dátà sì jẹ́ owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn ìlú kan wà tí kò rí iná ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ibẹ̀ wá, ẹ̀kọ́ orí ayélujára túmọ̀ sí owó epo jẹnẹrétọ̀ tàbí owó ọkọ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Fóònù kékeré kò sì rọrùn láti fi ka ìwé olójú-ewé púpọ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ẹ̀kọ́ náà. Nínú kíláàsì, olùkọ́ lè fi Yorùbá la ohun tó ta kókó yé akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń dá kàwé ní òru lẹ́yìn iṣẹ́ kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, àfi bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá kó ara wọn jọ ní ibùdó tàbí lórí WhatsApp.